Ilé-Ẹ̀kọ́ Kan, Ìlú Púpọ̀: Ta Ni Yóò Yan Olùkọ́?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí lè kọ́kọ́ dà bí ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi sùúrù kà á, ẹ ó rí i pé ó kan ẹni tí ó ń ta aṣọ òkè ní Òjé gẹ́gẹ́ bí ó ti kan ẹni tí ó wọ ẹ̀wù oyè ní Yunifásítì. Ọ̀rọ̀ náà ni ti yíyan olùkọ́ fún ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo kò dá ní, èyí tí orílẹ̀-èdè méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ dá owó àti ọgbọ́n jọ gbé kalẹ̀, fún àwọn tí ó ti gba digírì àkọ́kọ́ tí wọ́n sì ń wá ìkejì tàbí ìkẹta.

Irú rẹ̀ kò jìnnà sí wa rárá. Ẹ gbéra ní Òjé, ẹ gba Ẹnu-Ibodè Agodi, ẹ kọjá ní Sẹkitéríàtì, ẹ gba Bódìjà, ẹ ó já sí ẹnu ọ̀nà Yunifásítì Ìbàdàn. Nínú ọgbà yẹn ni ẹ̀ka kan wà ti yunifásítì tí Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà dá sílẹ̀, èyí tí ń jẹ́ Pan African University lédè òyìnbó. Oṣù December ọdún 2011 ni wọ́n ṣí i ní Addis Ababa, olú-ìlú Ethiopia. Wọn kò kọ́ ọgbà ńlá kan fún un. Ẹ̀ka márùn-ún ni wọ́n pín in sí, igun Áfíríkà kọ̀ọ̀kan sì gba ọ̀kan. Ti Ìwọ̀-Oòrùn ni ti Ìbàdàn yìí, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ìmọ̀ nípa ohun ẹlẹ́mìí àti nípa ilẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìlera àti iṣẹ́ àgbẹ̀. Ti Ìlà-Oòrùn wà ní Kenya, ní Yunifásítì Jomo Kenyatta, sáyẹ́ǹsì àti iṣẹ́ ẹ̀rọ ni tiwọn. Ilẹ̀ Japan sì ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Ti Àárín wà ní Yaoundé ní Cameroon, ọ̀rọ̀ ìṣèjọba ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Ti Àríwá wà ní Tlemcen ní Algeria, omi àti agbára iná ni iṣẹ́ wọn, ilẹ̀ Jámánì ni ó sì dúró tì wọ́n. Ti Gúúsù wà ní South Africa, ọ̀rọ̀ ojú òfuurufú àti àwọn ohun tí ń yí ayé po lókè ni wọ́n ń bójú tó.

Àwọn ọmọ tí ó ń kàwé níbẹ̀ ń ti ilẹ̀ Áfíríkà káàkiri wá. Nínú àwọn tí ń kọ́ wọn, àwọn kan jẹ́ olùkọ́ yunifásítì tí ó gbà wọ́n lálejò, àwọn mìíràn sì jẹ́ àlejò tí ó wá láti ibòmíràn fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tàbí oṣù díẹ̀. Níhìn-ín gan-an ni ọ̀rọ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀. Ilé rọrùn láti kọ́, bí owó bá wà. Ìlù rọrùn láti lù ní ọjọ́ ìṣílé. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn àlejò pàtàkì bá ti wọ ọkọ̀ lọ tán, tí a gbé pátákó kalẹ̀, ta ni yóò mú ṣọ́ọ̀kì? Ta ni ó sì ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé òun ni kí ó mú un?

Ìyá kan wà ní àdúgbò wa tí ó ti ń ta aṣọ òkè láti ìgbà tí mo wà ní kékeré. Ọmọ rẹ̀ obìnrin gba digírì, ó sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀ fún ọdún kan, ó sì rí ìwé gbà pé kí ó wá ṣe másítà nínú ètò kan tí yunifásítì kan nílẹ̀ wa àti ọ̀kan ní òkè òkun dá pọ̀ ṣe. N kò ní dárúkọ wọn, nítorí wọn kò ṣẹ̀ mí. Ìyá mú ìwé ìpolówó ètò náà tọ̀ mí wá, ó ní, “Tíṣà, ẹ bá mi ka èyí.” Ìwé náà dán, àwòrán ilé àti ti pápá ìṣeré kún inú rẹ̀. Mo kà á fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí mo parí, ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, “Wọ́n fi ilé hàn wá, wọ́n fi igi hàn wá, wọ́n sọ iye owó. Àwọn tí yóò kọ́ ọmọ yìí ńkọ́? Ṣé àwọn tiwa ni, àbí àwọn tiwọn? Ta ni ó yàn wọ́n?”

Mo tún ìwé náà yẹ̀ wò. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni ó wà níbẹ̀ nípa olùkọ́, pé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tí ó dáńgájíá láti ilẹ̀ méjèèjì ni yóò kọ́ni.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Òjé mọ ìdí tí obìnrin náà fi béèrè bẹ́ẹ̀. Ọjà ìtàdógún ni ọjà aṣọ òkè wa. Bí ọjọ́ ọjà bá pé, àwọn ahunṣọ àti àwọn alájàpá á ti Ìṣẹ́yìn, Ọ̀yọ́, Ìlọrin àti ibòmíràn wá, ọjà á sì ti bẹ̀rẹ̀ láti ìdájí. Ẹni tí ó mọ aṣọ kì í wo ojú ìdì nìkan. Á tú u, á fa ti àárín jáde, á fi ọwọ́ pa á, á wò ó sí ìmọ́lẹ̀ bóyá ahunṣọ náà rẹ́ òun jẹ níbi òwú. Bí ó bá sì jẹ́ pé aṣọ ẹbí ńlá ni, tí ahunṣọ méjì tàbí mẹ́ta yóò pín in hun, wọn kì í kàn lọ jókòó sídìí òfì. Wọ́n ní láti kọ́kọ́ fi ẹnu kò lórí bí fọ́nrán yóò ti fẹ̀ tó, lórí irú òwú àti àwọ̀ rẹ̀. Bí ti ẹnì kan bá fẹ̀ ju ti èkejì lọ, aránṣọ kò ní rí i so pọ̀ kí ó gún. Obìnrin yìí ti rí aṣọ báyìí rí, ó sì mọ ohun tí ó ná òun.

Nígbà tí London ń bá wa yàn

Ìbéèrè rẹ̀ kì í ṣe tuntun ní Ìbàdàn. Yunifásítì wa fúnra rẹ̀, inú àjùmọ̀ṣe ni a bí i sí. Ọdún 1948 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní Kọ́léèjì, ẹni tí ó sì kọ́kọ́ ṣe ọ̀gá ibẹ̀ ni Kenneth Mellanby, òyìnbó kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìmọ̀ nípa kòkòrò. Wọn kò tí ì ní ilé nígbà náà. Ẹlẹ́yẹlé ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, nínú àwọn ilé tí àwọn ológun fi ṣe ilé ìwòsàn nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Akẹ́kọ̀ọ́ 104 ni wọ́n kó wá láti Kọ́léèjì Gíga tí ó wà ní Yábàá.

Títí di ọdún 1962, digírì Yunifásítì London ni àwọn ọmọ wa ń gbà níbẹ̀. Àwọn olùkọ́ Ìbàdàn ń kọ́ wọn, wọ́n sì ń bá àwọn olùdánwò London jíròrò lórí ìwé ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè ìdánwò, ṣùgbọ́n òǹtẹ̀ London ni ó wà lórí ìwé ẹ̀rí. Bákan náà ni ti Legon ní Gold Coast, ti Makerere ní Uganda, àti ti Mona ní Jamaica. Ní ti yíyan olùkọ́, àjọ kan wà ní London tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1946, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Inter-University Council. Àjọ yìí ni ó ń bá àwọn kọ́léèjì wọ̀nyí wá ènìyàn: yóò kéde iṣẹ́, yóò pe àwọn tí ó kọ̀wé jọ, yóò wádìí ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn, yóò sì dámọ̀ràn ẹni tí ó yẹ.

Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́, ètò náà ní èrè. Nítorí pé London kò gbà kí ojú ìwọ̀n lọ sílẹ̀, ẹni tí ó jáde ní Ìbàdàn kò ní láti ṣàlàyé ara rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Dókítà tí ó ti ibẹ̀ jáde lè bá dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dọ́gba. Àwọn àgbà tí ó kàwé nígbà yẹn ṣì ń fi ṣe fáàrí títí di òní, èmi kò sì bá wọn wí.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń yan olùkọ́ ni ó ń yan ohun tí ọmọ yóò kọ́, bí ó tilẹ̀ sọ pé òun kò ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn òyìnbó ni ó pọ̀ jù nínú àwọn olùkọ́ ìbẹ̀rẹ̀. Èdè Látìn àti Gíríìkì ti ní ẹ̀ka tiwọn ní Ìbàdàn fún ọ̀pọ̀ ọdún kí èdè Yorùbá tó di ohun tí ènìyàn lè gba digírì lórí rẹ̀, ní ìlú tí ó jẹ́ pé èdè Yorùbá ni ẹni tí ń ta ẹ̀kọ níwájú ọgbà náà fi ń polówó! Ọ̀rọ̀ owó tún wà níbẹ̀. Àlejò ń gba àfikún owó nítorí pé ó jìnnà sí ilé, onílé kò sì rí i gbà, bí àwọn méjèèjì bá tilẹ̀ ń kọ́ kíláàsì kan náà. Àwọn ìwé ìròhìn ìgbà náà kò dákẹ́ lórí ọ̀ràn báyìí, ó sì di ọ̀rọ̀ ìṣèlú.

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi onílé kún un. Kenneth Onwuka Dike, ọmọ Awka, gba oyè ọ̀mọ̀wé ní London ní ọdún 1950, ó sì wá kọ́ ìtàn ní Ìbàdàn. Títí di ìgbà náà, ìtàn tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ wa ni ìtàn ohun tí òyìnbó ṣe nílẹ̀ wa. Dike ní àwọn oníṣòwò àti àwọn ọba etí òkun náà ní ìtàn tiwọn. Ìwé rẹ̀ lórí òwò àti ìṣèlú ní ẹsẹ̀ odò Ọya jáde ní ọdún 1956. Òun kan náà ni ó ṣe aáyan tí a fi ní ilé ìpamọ́ ìwé àtijọ́ ìjọba. Ní ọdún 1960 ó di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó ṣe olórí Kọ́léèjì náà, nígbà tí Kọ́léèjì sì di Yunifásítì tí ó dá dúró, òun ni ó ṣe Igbákejì Alákòóso rẹ̀ àkọ́kọ́. London ni ó kọ́ Dike. London kò lè kọ́ ohun tí Dike kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé nínú àjùmọ̀ṣe kí ẹni tí ó lówó tàbí tí ó lókìkí jù kàn máa bá wa yan olùkọ́, mo máa ń rántí Dike. Bí ẹlòmíràn bá sì sọ pé kí a ti àlejò síta pátápátá, mo máa ń rántí òǹtẹ̀ London, àti àwọn dókítà wọ̀nyẹn.

Ojú mẹ́ta tí ń wo ẹnì kan

Báwo ni wọ́n ṣe ń yàn wọ́n lóde òní? Ní yunifásítì lásán, ọ̀nà náà kò ṣòro láti mọ̀. Wọ́n á kéde àyè. Ẹni tí ó fẹ́ iṣẹ́ á kọ̀wé, á to àwọn ìwé tí ó ti kọ jọ, á dárúkọ àwọn tí yóò jẹ́rìí rẹ̀. Ìgbìmọ̀ á pè é, á bi í ní ìbéèrè. Nínú ètò àjùmọ̀ṣe, gbogbo èyí ṣì wà, ṣùgbọ́n ojú mẹ́ta ni ó ń wo ẹni náà lẹ́ẹ̀kan náà. Onílé ń wò ó, alábàáṣe ń wò ó, ẹni tí ó mú owó wá ń wò ó.

Ohun tí wọ́n ń wá kò sì bára mu. Onílé fẹ́ àwọn olùkọ́ tirẹ̀, nítorí wọ́n wà nítòsí, wọ́n mọ ọ̀nà yàrá ìwádìí, wọ́n mọ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Alábàáṣe fẹ́ ẹni tí ìgbìmọ̀ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tirẹ̀ ní ilé yóò gbà, nítorí orúkọ rẹ̀ yóò wà lórí ìwé ẹ̀rí. Ẹni tí ó mú owó wá fẹ́ kí gbogbo orílẹ̀-èdè rí ara wọn nínú àkọsílẹ̀, kí obìnrin wà níbẹ̀, kí ìṣirò owó sì pé. Kò sí ọ̀kan tí ó burú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọn kì í sábà rí i lára ẹnì kan ṣoṣo ni.

Ọ̀rọ̀ ipò tún lè dá wàhálà sílẹ̀. Nílẹ̀ wa, yunifásítì kọ̀ọ̀kan ni ó ń gbé olùkọ́ rẹ̀ ga, lẹ́yìn tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n láti ìta bá ti ka ìwé rẹ̀. Ẹ kọjá ẹnubodè sí Benin, ní ọ̀dọ̀ àwọn ará wa Kútọnu àti Pọ́tò-Nóófò, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n ń gbà. Ìgbìmọ̀ kan tí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí ó ń sọ Faransé ní Áfíríkà jọ ní, tí wọ́n ń pè ní CAMES, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1968, tí ibùjókòó rẹ̀ sì wà ní Ouagadougou, ni ó ń yẹ àwọn olùkọ́ wọn wò láti sọ wọ́n di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹni tí orúkọ oyè rẹ̀ kéré lọ́dọ̀ tiwọn lè ní ìmọ̀ tí ó tó ti ọ̀gá lọ́dọ̀ tiwa. Bí ìgbìmọ̀ ìyanni kò bá mọ èyí, wọ́n á fi orúkọ oyè wé orúkọ oyè bí ẹni ń fi kóńgò wọn ìrẹsì ọjà kan ní ọjà mìíràn, láìbéèrè bóyá kóńgò náà dọ́gba.

Ọ̀nà kan wà tí mo fẹ́ràn. Ní ọdún 1988 ni wọ́n dá àjọ kan sílẹ̀ fún ìwádìí nípa ètò ọrọ̀-ajé, African Economic Research Consortium, ibùjókòó rẹ̀ sì wà ní Nairobi. Ní ọdún 1993 ó bẹ̀rẹ̀ ètò másítà tí àwọn yunifásítì púpọ̀ jọ ń ṣe; ní ọdún 2002 ó fi ètò ọ̀mọ̀wé kún un, Ìbàdàn àti Dar es Salaam sì wà lára àwọn yunifásítì tí ń fi oyè náà dáni lọ́lá. Àwọn tí ó dá a sílẹ̀ mọ̀ pé yunifásítì kan lè ní olùkọ́ ọrọ̀-ajé mẹ́wàá, kí ó má ní ẹyọ kan tí ó mọ ọ̀rọ̀ owó ìlera tàbí ti òwò láàárín orílẹ̀-èdè dé ìsàlẹ̀. Dípò kí olúkúlùkù máa forí ṣe fọrùn ṣe láti wá tirẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ á ṣe apá kan ní yunifásítì tirẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n á kó gbogbo wọn jọ sí ibì kan fún oṣù díẹ̀, wọ́n á sì pe olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n jù wá bá wọn níbẹ̀, láti ibikíbi tí ó bá wà. Ẹ rí i pé ìbéèrè ìyanni ti yí padà. Kì í ṣe “Ta ni nínú tiwa ni yóò jókòó lórí àga yìí?” mọ́. Ó ti di “Ta ni ó mọ èyí jù ní gbogbo Áfíríkà, tí ó sì lè fi ilé sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan?” Irú àyè báyìí kì í fa ìjà púpọ̀, nítorí kò sí ẹni tí yóò jókòó síbẹ̀ di àgbà.

Ètò kejì ni èyí tí wọ́n ń pè ní CARTA, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2008 fún ìmọ̀ ìlera àwọn ará ìlú. Ìbàdàn wà níbẹ̀, Ifẹ̀ wà níbẹ̀, Makerere, Nairobi, Malawi, Witwatersrand àti àwọn mìíràn náà wà níbẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń gbà láti ṣe ìwé ọ̀mọ̀wé jẹ́ ẹni tí ó ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ní yunifásítì tàbí ilé ìwádìí tí ó wà nínú ẹgbẹ́ náà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ń péjọ fún ẹ̀kọ́ àpapọ̀ kí wọ́n tó parí, àwọn olùkọ́ sì ń ti oríṣiríṣi ilẹ̀ wá bá wọn. Nígbà tí ó bá parí, ó ní iṣẹ́ tí ó ń dúró dè é ní ilé. Mo rò pé èyí jẹ́ ọgbọ́n ńlá, nítorí àwa Yorùbá mọ ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ọmọ tí a rán lọ sí òkè òkun láìsí ohun tí ó so mọ́ ilé.

Ohun tí ń dá ìjà sílẹ̀

Àwọn kan gbà pé kí ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní iye olùkọ́ tirẹ̀ tí a kọ sílẹ̀. Àwọn mìíràn ní ìmọ̀ nìkan ni kí a máa wò. Ẹ jẹ́ kí n fi Ìbàdàn ṣe àpẹẹrẹ. Ìlà méjì ni a ní tí ń gun orí oyè Olúbàdàn, ìlà ti Olúbàdàn fúnra rẹ̀ àti ìlà Balógun, tí wọ́n ń gbà á fún ara wọn. Ẹni tí ó wà lórí àkàsọ̀ mọ ẹni tí ó wà níwájú òun àti ẹni tí ó wà lẹ́yìn. Nítorí pé a ti mọ òfin náà ṣáájú, ìjà oyè tiwa kò tó ti àwọn ìlú tí ilé ọlọ́ba mẹ́rin ti ń fa ara wọn lẹ́wù. Mo gbà pé ètò àjùmọ̀ṣe nílò irú òfin bẹ́ẹ̀: kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ kí owó tó dé, ẹni tí yóò yan olùkọ́, ẹni tí ó lè kọ̀ ọ́, àti ẹni tí yóò dá ẹjọ́ bí wọn kò bá gbọ́ ara wọn yé. Ṣùgbọ́n níbi tí oyè àti iṣẹ́ olùkọ́ ti yà nìyí: àgbà ń dúró de oyè, kíláàsì kò lè dúró de àgbà. N kò fara mọ́ kí ẹnì kan wá kọ́ni nítorí pé ó kan ilẹ̀ tirẹ̀. Bí àwọn méjì bá dọ́gba, kí a mú ti ilẹ̀ tí kò tí ì ní ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Bí wọn kò bá dọ́gba, kí a mú èyí tí ó dára jù, kí a sì kọ́ ilẹ̀ kejì ní bí yóò ṣe ní ti ọ̀la.

Ọ̀rọ̀ àfikún owó tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan kò tí ì kú. Ó yí ẹ̀wù padà ni. Olùkọ́ tí ó bá ń ti ibòmíràn wá ní láti rówó ọkọ̀ òfuurufú àti ilé gbígbé, kò sì sí ẹni tí yóò kọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tirẹ̀ bá mú owó wá ju ohun tí onílé ń gbà ní oṣù púpọ̀, onílé kò ní fi inú dídùn bá a pín kíláàsì. Àwọn tíṣà tí ń ka ìwé yìí mọ ohun tí mò ń sọ.

Ìyanṣẹ́lódì ńkọ́? Ní ọdún 2022, láti ọjọ́ 14 oṣù February títí di ọjọ́ 14 oṣù October, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì wa, ASUU, kò ṣiṣẹ́. Oṣù mẹ́jọ gbáko! N kò sọ pé wọn kò ní ẹjọ́ láti rò. Èmi náà jẹ́ òṣìṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ fi ara yín sí ipò alábàáṣe tí ó wà ní òkèèrè, tí ìwé ètò ọdún rẹ̀ kò yí padà, tí ó sì ní ọmọ méjìlá tí ń dúró de olùkọ́ kan ní Nàìjíríà. Ẹni tí ó bá ń yan olùkọ́ fún irú ètò yìí, tí kò bá ronú nípa ẹni tí yóò rọ́pò, kò tí ì yan olùkọ́.

Ohun tí ó sì ń dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀ ni èyí. Nígbà tí a wà ní kọ́léèjì àwọn olùkọ́, kò sí ẹni tí ó fún wa ní ìwé ẹ̀rí láìjẹ́ pé a lọ ṣe ohun tí a ń pè ní T.P. Wọ́n á rán wa lọ sí ilé-ìwé, a ó dúró níwájú àwọn ọmọ, ọ̀gá á wọlé wẹ́rẹ́, á jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó mọ ìwé bí ẹni mọ̀wé, bí àwọn ọmọ bá ń sùn lójú rẹ̀, ọ̀gá á kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀jọ̀gbọ́n tí yóò kọ́ àwọn tí ó ti gba digírì, iye ìwé tí ó ti kọ ni wọ́n sábà ń kà jù. Nínú ètò tí ọmọ Mali, ọmọ Zambia àti ọmọ Ìbàdàn ti jókòó pọ̀, tí òmíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣé ẹni tí ó kọ ìwé ọgọ́rin tí kò lè rọra sọ̀rọ̀ ni yóò ràn wọ́n lọ́wọ́? Ó yẹ kí ìgbìmọ̀ ní kí olúkúlùkù wá kọ́ ẹ̀kọ́ kan, kí àwọn ti ilẹ̀ méjèèjì jókòó sẹ́yìn, kí wọ́n wo ojú àwọn ọmọ. Owó tí ó ń náni kò pọ̀, àgàgà lóde òní tí ènìyàn lè dúró ní Accra kí a sì máa wò ó ní Ìbàdàn lórí kọ̀ǹpútà.

Mo ti rí irú ọ̀jọ̀gbọ́n mìíràn pẹ̀lú, èyí tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ìpolówó ṣùgbọ́n tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í kan ìloro kíláàsì. Ó gbà kí wọ́n lo orúkọ òun, ó sì rán ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ wá kọ́ni. Ní Òjé, ẹni tí ó bá fi sányán sójú ìdì tí ó wá fi òwú lásán sínú, a mọ orúkọ tí à ń pè é.

Ìyá aláṣọ òkè náà kò jẹ́ kí n lọ títí a fi kọ ìbéèrè mẹ́rin sílẹ̀, èmi ń kọ, òun ń sọ. Èkíní, kí wọ́n dárúkọ àwọn olùkọ́, kí wọ́n sọ èyí tí yóò wà níbẹ̀ fúnra rẹ̀ àti iye ọ̀sẹ̀ tí yóò lò. Èkejì, ta ni yóò máa tọ́ ọmọ sọ́nà lórí ìwé ìwádìí rẹ̀, ní apá tiwa àti ní apá tiwọn, bí ọ̀kan bá sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ ta ni yóò gbà á? Ẹ̀kẹta, ṣé òǹtẹ̀ yunifásítì méjèèjì ni yóò wà lórí ìwé ẹ̀rí, ṣé ìjọba tiwa sì gbà á? Ẹ̀kẹrin, bí olùkọ́ ilẹ̀ kan bá ní ọmọ yege, tí ti ilẹ̀ kejì ní kò yege, ọ̀rọ̀ ta ni ó lékè?

Ọmọ náà fi ìbéèrè ránṣẹ́. Èsì dé kí ọjà ìtàdógún tí ó tẹ̀ lé e tó pé. Wọ́n to orúkọ olùkọ́ mẹ́sàn-án, wọ́n sì sọ oṣù tí olúkúlùkù yóò wá. Wọ́n dárúkọ àwọn méjì tí yóò tọ́ ọ sọ́nà. Wọ́n fi àwòrán ìwé ẹ̀rí tí òǹtẹ̀ méjì wà lórí rẹ̀ ránṣẹ́, pẹ̀lú ìwé àṣẹ ìjọba. Lórí ìbéèrè kẹrin, wọ́n ní ìgbìmọ̀ ilẹ̀ méjèèjì yóò jókòó lé e lórí nínú oṣù tí ń bọ̀. Ìyá ní ó dára, kí wọ́n jókòó. Owó àsansílẹ̀ ọmọ náà ṣì wà nínú àpótí rẹ̀, lábẹ́ aṣọ ẹtù, títí wọn yóò fi dìde.